Ẹ̀fọ́ Inú Makaróní Kò Tó Ẹ̀fọ́ Inú Àwo

Ẹ̀yin ìyá ilé, ọ̀rọ̀ ọmọ tí kì í fẹ́ jẹ ẹ̀fọ́ ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀kan wà nílé tèmi. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn ará Bologna ní ilẹ̀ Ítálì a máa po ewébẹ̀ mọ́ fúláwà makaróní wọn títí yóò fi di àwọ̀ ewé, mo ní ọgbọ́n dé.

Gíráàmù 100 fúláwà sí ẹyin 1 ni òṣùwọ̀n wọn. Mo bọ tẹ̀tẹ̀, mo fún omi rẹ̀ dànù pátápátá, mo gún un kúnná, mo sì dín ẹyin kù, nítorí bí omi bá pọ̀ yóò máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Mo pò ó, mo bò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo fi ìgò yí i títí ó fi fẹ́lẹ́, mo gé e tẹ́ẹ́rẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló lò nínú omi híhó. Ọmọ náà jẹ ẹ́, ó tún tọrọ sí i!

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa jẹ. Ẹ̀fọ́ tí ó kan ọmọ kan níbẹ̀ kò tó nǹkan, púpọ̀ nínú fítámì tí ń yòrò sómi sì ti bá omi tí mo fún dànù lọ. Èmi kò fi í rọ́pò ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ rárá. Mo ń bu ẹ̀fọ́ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ tọ́ ọ wò ní tútù, nítorí kòkòrò àìsàn lè wà nínú fúláwà àti ẹyin tí a kò sè. Kí n tó yíjú, tèmi ti ki ìka bọ̀ ọ́.