Inú Àmù Ni Ogun Ẹ̀fọn Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lemọ́lemọ́ ní Ọ̀fà, tí odò Òyún kún, tí koríko sì yọrí yí ilé ká, ogun kan a tún dìde láàárín ìlú. Ogun náà kò mọ Ẹ̀sà yàtọ̀ sí Ọ̀jọmù, kò mọ Balógun yàtọ̀ sí Ṣáwo. Kò bẹ̀rù olówó, kò sì ṣàánú tálákà. Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ máa ń yọ. Wọn a kọrin sí ènìyàn létí, wọn a sì gún un bí abẹ́rẹ́. Ẹ̀fọn ni ọ̀tá náà, òun kan náà ni àwọn mìíràn ń pè ní yànmùyánmú.

Kò sí ibi tí wọn kò ti mọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá pé ìlú oníjàkadì ni Ọ̀fà. Ẹni tí ó bá sì mọ ìjàkadì mọ̀ pé kì í ṣe ariwo ni a fi ń dá ènìyàn. Ẹsẹ̀ tí ọ̀tá fi dúró ni ọ̀jọ̀gbọ́n oníjàkadì máa ń wá. Ní ti ẹ̀fọn, inú omi ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n inú iyàrá, nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú tán, ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ti ń bá a jà lónìí. Wọn a fín oògùn, wọn a dáná èéfín, wọn a ti ilẹ̀kùn pa. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ẹ̀fọn tún dé bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Àwọn àgbà máa ń pa á lálọ̀ọ́ fún àwọn ọmọdé pé Ẹ̀fọn fẹ́ fi Etí ṣe aya nígbà kan rí. Etí wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó rí i bí ó ti rù hangogo, ó ní kò sí bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ti pẹ́ láyé tí yóò fi gbé ìyàwó. Láti ọjọ́ náà ni Ẹ̀fọn ti ń lọ sí ìdí Etí ní alaalẹ́, láti sọ fún un pé òun kò tí ì kú. Ìtàn apanilẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Etí kò purọ́, nítorí ẹ̀fọn kan ṣoṣo kì í sábà lò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ láyé. Ohun tí Etí kò rò ni pé kí abo ẹ̀fọn tó kú, yóò ti yé ẹyin nígbà púpọ̀, ẹyin tí ó bá sì yé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè tó 100. Abo yìí nìkan ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀, nítorí ẹyin inú rẹ̀. Omi òdòdó àti omi èso ni akọ ń mu ní tirẹ̀. Ẹni tí ó bá pa ẹ̀fọn méjì ní àtẹ́lẹwọ́, tí ó sì fi ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ nínú omi ẹ̀yìnkùlé, kò tí ì jà.

Orí omi tàbí etí omi tí kò ṣàn ni ẹ̀fọn ń yé sí. Ẹyin náà a pa, a di tanwíji, èyí tí ojú gbogbo ènìyàn mọ̀ bí ó ti ń jó sókè sódò nínú omi tí ó ti pẹ́. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá, tanwíji a hu ìyẹ́, a sì fò wọ ilé. Nígbà tí ó wà nínú omi, kò ní ìyẹ́, kò lè sá, kò sì lè bu ẹnikẹ́ni jẹ. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Àṣà Yorùbá kò ṣàìmọ ọ̀nà yìí. Nínú ilé àwọn baba ńlá, àmù kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ibi tútù ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n ń dé e lórí, ó sì ní igbá tí wọ́n fi ń bu omi inú rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ilé ni wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọn kì í sì í da omi inú rẹ̀ nù lásán kí wọ́n tún pọn òmíràn sí i. Kànrìnkàn ni wọ́n fi ń ha inú rẹ̀ yípo. Ìyàwó ilé tí àlejò bá bá tanwíji nínú àmù rẹ̀, ìtìjú ńlá ni fún un. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ń gba ojúde àti ẹ̀yìnkùlé. Ní ti ìdun, wọ́n ń sá ẹní àti aṣọ sí oòrùn, wọ́n sì ń da omi gbígbóná sí ihò ibùsùn. Láti ibẹ̀ ni òwe ìdun ti wá, tí ó ní kí àwọn ọmọ òun ṣe sùúrù, pé ohun tí ó gbóná ń bọ̀ wá tutù.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà jù. Àwọn àgbà ìgbà náà kò mọ̀ pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé oòrùn àti iṣẹ́ àṣejù ni ó ń fa á. Ní oṣù August, ọdún 1897, ní ilẹ̀ Íńdíà, ni oníṣègùn Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí William MacGregor, gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ oníṣègùn, fi ń gbẹ́ ojú àgbàrá láti fa omi àbàtà ìlú náà gbẹ. Ìmọ̀ tuntun wá fi ẹsẹ̀ àṣà àtijọ́ múlẹ̀. Ohun tí ìyá àgbà ń ṣe nítorí ìmọ́tótó àti ọ̀wọ̀ ilé rẹ̀ ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ pé ó ń gba ẹ̀mí là.

Àwọn tí wọ́n ti dàgbà kò lè gbàgbé wolé-wolé. Bí wọ́n bá ti gbúròó pé ó ń bọ̀, ilé gbogbo a dàrú. Wọn a máa gbálẹ̀, wọn a máa da omi àná nù. Ẹni tí wolé-wolé bá bá tanwíji nínú ìkòkò rẹ̀ lè fojú ba ilé ẹjọ́, kí ó sì san owó ìtanràn. Àwọn kan kórìíra rẹ̀, wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀, ibi tí ó yẹ kí a wò ni ó ń wò.

Ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun àwàdà. Ẹ̀yà ẹ̀fọn kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Aedes, tí ó ní tótòtó funfun lára, tí ó sì ń jẹni ní ọ̀sán. Omi inú ilé ni ó fẹ́ràn jù: inú àmù, ike, garawa, agolo àti táyà tí a ti pa tì. Òun ni ó ń gbé ibà pọ́njú kiri. Ní April àti May 1987, ẹ̀yà ẹ̀fọn yìí tan ibà pọ́njú ká Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nígbà tí Ọ̀ṣun ṣì wà nínú rẹ̀, tí ààlà rẹ̀ kò sì jìnnà sí Ọ̀fà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó bá a lọ. Ní September 2017, àyẹ̀wò tún fi hàn pé ibà pọ́njú ti mú ọmọdébìnrin kan ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ní Kwara gan-an. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ènìyàn bá gbà á sì tó fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìwà ẹ̀fọn yìí tí ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀: ara ògiri ìkòkò, ní òkè ibi tí omi dé, ni ó ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́. Bí ìkòkò náà tilẹ̀ gbẹ, ẹyin náà lè wà láàyè fún oṣù púpọ̀, kí ó sì pa nígbà tí omi bá tún dé ibẹ̀. Nítorí náà, dída omi nù nìkan kò tó. Kànrìnkàn ìyá àgbà ni ó ń ha ẹyin náà dànù.

Kí ni ó wá rọ́pò kànrìnkàn lónìí? Èéfín àti májèlé ni. Òótọ́ ni pé èéfín èèpo ọsàn gbígbẹ àti ti ewé dóńgóyárò a máa lé ẹ̀fọn sẹ́yìn, àti pé ẹ̀fọn kò fẹ́ òórùn efinrin àti ewé tíì. Ṣùgbọ́n lílé ni wọ́n ń lé e. Bí èéfín tàbí òórùn náà bá ti rá, yóò padà. Èéfín nínú iyàrá tí a ti pa sì ń ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ọwọ́ jẹ́. Èyí tí ó bani lẹ́rù jù ni oògùn apakòkòrò tí a ń pè ní dichlorvos, tí ó sábà máa ń wà nínú ọ̀tápíápíá. Oògùn oko ni, kì í ṣe oògùn iyàrá. Bí ó ti ń pa kòkòrò ni ó ń kọlu iṣan ara ènìyàn, yálà a fà á símú, tàbí ó kan ara, tàbí ó bọ́ sínú oúnjẹ. Nítorí ewu yìí ni àjọ NAFDAC fi de títà á nínú ìgò kéékèèké ní ọdún 2019. Ilé tí wọ́n bá ti ń fín in sí ibùsùn ọmọ nítorí ẹ̀fọn, ọ̀tá tí ó tóbi ju ẹ̀fọn lọ ni wọ́n ń pè wọlé.

Àwọn kan yóò sọ pé oògùn líle ni ó lè ṣẹ́gun. Ìtàn Garki lè dá wọn lóhùn. Láti 1969 sí 1976, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ìjọba Nàìjíríà fín oògùn sí ilé dé ilé ní àgbègbè Garki, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kano nígbà náà, wọ́n sì fún àwọn ènìyàn ní oògùn ibà. Ibà dínkù, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró. Ọ̀kan nínú ohun tí ó fà á ni pé ẹ̀fọn mìíràn ń sinmi níta, níbi tí oògùn ara ògiri kò dé. Ọ̀nà kan ṣoṣo kò lè ṣẹ́gun ọ̀tá yìí.

Bákan náà, kì í ṣe àmù nìkan ni ẹsẹ̀ ẹ̀fọn. Anopheles, èyí tí ń gbé ibà kiri ní òru, fẹ́ràn omi òjò tí ó dúró sí gbangba, nínú kòtò ojú ọ̀nà, nínú ibi tí wọ́n ti wa yẹ̀pẹ̀ búlọ́ọ̀kù, àti nínú ipa táyà ọkọ̀. Nítorí náà, kí a dé àmù, kí a sì dí kòtò. Kí ọmọdé àti aláboyún sì máa sùn lábẹ́ àwọ̀n tí a ti fi oògùn sí, kí wọ́n má fi ṣe ọgbà ewébẹ̀. Òjìji ni a ń sá àwọ̀n náà sí kí a tó lò ó, a kì í sì í sá a sí oòrùn bí a bá fọ̀ ọ́. Bí ara ọmọ bá gbóná, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni kí ó ṣíwájú àgbo. Ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ọdún 2022 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tí ibà pa ní gbogbo ayé, nǹkan bí 31 ni ó jẹ́ ará Nàìjíríà. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ibà ń pa ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ilé kan. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kì yóò jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹ̀fọn kò mọ ọgbà, kò sì ka ògiri sí. Táyà tí ó gba omi sínú ní ẹ̀yìnkùlé lágbájá ni ó ń bí ẹ̀fọn tí yóò jẹ ọmọ tàmẹ̀dò. Olórí ilé tí ó bá dákẹ́ nítorí kí ó má bàa bí aládùúgbò nínú kò ṣe rere fún aládùúgbò náà, kò sì ṣe é fún ara rẹ̀.

Iṣẹ́ wà fún gbogbo ènìyàn. Ó yẹ kí olùkọ́ bu omi tí ó ní tanwíji sínú ìgò, kí ó fi nẹ́ẹ̀tì dé e, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fi ojú ara wọn rí bí yóò ti hu ìyẹ́. Ọmọ tí ó bá rí i kò ní gbàgbé. Ó yẹ kí ọ̀dọ́ máa ṣí ojú àgbàrá kí òjò tó dé, bí àwọn baba wọn ti ń fi ọ̀wẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìlú. Ó sì yẹ kí àwọn àgbà dá òfin àmù padà sínú ilé, ìbáà jẹ́ pé ike àti dúrọ́ọ̀mù ni ó ti gba ipò àmù.

Òfin náà kò ṣòro láti rántí. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ Yorùbá, tí àwọn àgbà ń kà sí ọ̀rún. Tanwíji ń fẹ́ tó ọjọ́ méje, ó kéré tán, kí ó tó fò. Ilé tí ó bá ń da omi rẹ̀ nù, tí ó ń fi kànrìnkàn ha ìkòkò rẹ̀, tí ó sì ń dé e ní ọrọọrún, kò ní bí ẹ̀fọn kankan nínú ìkòkò náà. Kò ná ilé náà ní kọ́bọ̀, kò sì la májèlé lọ.