Aṣọ Àtijọ́, Owó Tuntun: Ta Ni Yóò San Owó Ìwòran?

Ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n gaàrí. Ọ̀rọ̀ sinimá ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré lásán ni o, nítorí owó wà níbẹ̀, owó gidi, owó tí ẹlòmíì á jókòó sídìí àtẹ látàárọ̀ dalẹ́ kó tó rí i.

Bí ènìyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Sábó, ní Ìkòròdú, nígbà tí ọdún Kérésì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àfàìmọ̀ ni kò ní bá àríyànjiyàn yìí níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan á ní fíìmù tuntun ti jáde, pé eré àtijọ́ kan ni wọ́n tún ṣe, pé owó tí wọ́n ná lé e lórí, ojú ò rírú ẹ̀ rí. Oníbàárà tó wá gba aṣọ á ní, "Kí ló dé? Èyí tá a wò láyé ọjọ́un, ṣé ó bàjẹ́ ni?" Ìyá ẹlẹ́wà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù á dá sí i pé, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é jàre, àwọn ọmọ tèmi ò bá èyí àkọ́kọ́." Ọ̀gá télọ̀ á wá gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, á ní, "Ẹni tó bá gbé aṣọ òkè ìyá ẹ̀ wá pé kí n tún un rán, mo lè gé e, mo lè fi lẹ́ẹ̀sì sí i. Ṣùgbọ́n bí ìyá ẹ̀ bá rí i tí kò dá a mọ̀ mọ́, mo ti ba aṣọ jẹ́ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá télọ̀ yìí ni kókó ọ̀rọ̀ tòní. Ṣé bí wọ́n bá da owó rẹpẹtẹ lé eré àtijọ́ lórí, àwọn òǹwòran á gbà á? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé wọ́n á gbà á, bí ẹni tó ni aṣọ bá ṣì lè dá aṣọ rẹ̀ mọ̀, tí wọ́n bá sì jẹ́ kó rí i wọ̀.

ÀWỌN ÀGBÀ TI ṢE É RÍ

Kì í ṣe òní ni irú nǹkan báyìí bẹ̀rẹ̀. Olóògbé Hubert Ògúndé, ọmọ Òṣoṣà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ti kọ́kọ́ ṣe eré Aiyé lórí ìtàgé kó tó sọ ọ́ di sinimá ní 1979. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ wọ́n wọ́ lọ wò ó. Kí ló fà á? Ohun tí ìtàgé ò lè ṣe ni sinimá ṣe fún wọn. Àjẹ́ tó jẹ́ pé orin àti ijó ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórí pákó, wọ́n rí i lójú kòrókòró. Ṣùgbọ́n Ògúndé ò yí orin padà, kò yí èdè padà, òun fúnra rẹ̀ ló sì wà nínú eré náà. Owó tuntun ni, aṣọ àtijọ́ ni. Ìyẹn ló jẹ́ kó lè gbé Jáíyésinmi jáde tẹ̀ lé e ní 1980.

Ẹ jẹ́ ká wá sí Ìkòròdú fúnra rẹ̀. Arábìnrin Fúnkẹ́ Akíndélé, ọmọ bíbí Ìkòròdú, gbé eré Ọmọ Ghetto jáde ní 2010. Àwọn tó ra pẹlẹbẹ rẹ̀ lọ́jà nígbà náà ò gbàgbé Lefty àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin tí ojú wọn le bí òkúta, tí ọkàn wọn sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìgbà náà, ní oṣù Kejìlá 2020, eré náà tún padà dé pẹ̀lú orúkọ Omo Ghetto: The Saga. Lóòótọ́, ìtẹ̀síwájú ni, kì í ṣe eré kan náà tí wọ́n tún ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó kó ènìyàn wọlé ò yàtọ̀: orúkọ tí wọ́n ti mọ̀ ni, pẹ̀lú owó tí wọn ò rí ná lọ́jọ́sí.

Ẹ rántí irú ọdún tí 2020 jẹ́. Àrùn Kòrónà ti ilẹ̀kùn ilé sinimá pa fún oṣù mélòó kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣì ń bẹ̀rù àti jókòó sí àárín èrò. Síbẹ̀ ₦636 mílíọ̀nù ni eré náà pa nílé sinimá, ó sì gba ipò kìíní lọ́wọ́ The Wedding Party tó ti wà níbẹ̀ láti 2016. Ṣé owó nìkan ló ṣe é? Rárá o. Fúnkẹ́ ni Lefty, òun náà ni ìkejì rẹ̀. Ẹniọlá Badmus padà wá, Bímbọ́ Thomas padà wá, Chioma Akpotha padà wá. Ẹni tó wo ti 2010 jókòó, ó sì bá àwọn ará àdúgbò rẹ̀ pàdé. Aṣọ wọn ti dára sí i, ohùn eré ti já gaara, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ò yí padà.

Jenifa náà ńkọ́? Ọdún 2008 ni Sùlíà jáde lábúlé lọ sí Yunifásítì, tó sọ ara rẹ̀ di Jenifa. Nígbà tí Everybody Loves Jenifa jáde ní oṣù Kejìlá 2024, owó tó pa kọjá bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ náírà. Ọdún mẹ́rìndínlógún nìyẹn! Ọmọ tí wọ́n ṣì ń pọ̀n nígbà tí Sùlíà kọ́kọ́ ń sọ òyìnbó ẹ̀ tó wọ́, ó ti dàgbà tó ẹni tó lè fi owó ara rẹ̀ wo ìkejì.

ṢÙGBỌ́N OWÓ TÍTÀ KỌ́ NI ÈRÈ

Ẹ̀yin ọlọ́jà lẹ mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹni tó ta ẹja ₦100,000 lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ò jẹ èrè ₦100,000. Owó apẹja ńkọ́? Owó yìnyín ńkọ́? Owó ọkọ̀ ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni sinimá. Nínú owó tí wọ́n bá ní eré kan pa, ilé sinimá á mú tirẹ̀, alágbàtà tó pín in kiri á mú tirẹ̀, ìjọba á gba owó orí, kó tó kan ẹni tó ṣe eré. Bí owó tí wọ́n ná bá wá pọ̀ jù, kí èrò pọ̀ bí eṣú, gbèsè ni.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn olówó fi fẹ́ràn eré àtijọ́. Orúkọ ti wà nílẹ̀. Ó dà bí ìyá olóúnjẹ tó kó láti abẹ́ igi lọ sí ṣọ́ọ̀bù olójú gíláàsì. Kò nílò láti polówó, àwọn oníbàárà á tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n á tẹ̀ lé e nítorí orúkọ. Bí ọbẹ̀ bá ti yí padà, gíláàsì ò ní dá ẹnikẹ́ni dúró.

Ẹ wo Living in Bondage, eré Igbo tó jáde ní 1992, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí pé òun ló la ọ̀nà fún òwò fídíò ní Nàìjíríà. Nígbà tí Ramsey Nouah darí ìtẹ̀síwájú rẹ̀ ní 2019, wọ́n ná owó lóòótọ́, àwọn ọkọ̀ bọ̀gìnnì ń dán yanran. Ṣùgbọ́n wọ́n wá Kenneth Okonkwo lọ, Andy ọjọ́sí, wọ́n mú Kanayo O. Kanayo padà, ìbéèrè àtijọ́ yẹn náà ni wọ́n sì tún bi òǹwòran: kí ni ènìyàn lè fi rọ́pò owó? Àwọn òǹwòran gbà á, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ. Àwọn tó wà nídìí owó rẹ̀ tún lọ gbé Glamour Girls ti 1994, wọ́n tún un ṣe ní 2022. Aṣọ wà níbẹ̀, ilé olówó gọbọi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yẹ eré wò ló bá a wí pé ìtàn náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọwọ́ kan náà, owó gidi, àbájáde ọ̀tọ̀.

Àwọn òyìnbó náà ò mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ní 2019, Disney tún The Lion King ti 1994 ṣe, owó tó wọlé ju bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là lọ. Ní 2016, wọ́n tún Ben-Hur ti 1959 ṣe. Nǹkan bí $100 mílíọ̀nù ni wọ́n ná, owó tó wọlé ní gbogbo àgbáyé ò tó iye yẹn. Bí owó bá jẹ́ oògùn, àwọn méjèèjì ló yẹ kó sàn.

ÀWỌN ỌMỌ TÍ Ò LÓWÓ

Ìkòròdú kan náà yìí ló tún fi ẹ̀kọ́ mìíràn kọ́ ayé. Àwọn ọmọdékùnrin tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ikorodu Bois ń mú ìpolówó sinimá òyìnbó, wọ́n ń tún un ṣe pẹ̀lú ohun tí wọ́n bá rí nínú ilé. Ohun tí òyìnbó fi ọkọ̀ gidi ṣe, bárò ni tiwọn. Ní 2020, wọ́n ṣe ti Extraction, eré tí Chris Hemsworth ti jẹ́ ọ̀gá. Àwọn tó ṣe eré náà gan-an lókè òkun rí i, inú wọn dùn, wọ́n ní àwọn ọmọ náà á wá bá àwọn wo ìkejì nígbà tó bá jáde.

Ẹ ò rí nǹkan? Àwọn tó ná ọ̀kẹ́ àìmọye dọ́là ń pàtẹ́wọ́ fún bárò. Kì í ṣe àánú ni. Àwọn ọmọ náà wo eré yẹn dáadáa, wọ́n mọ ibi tí agbára rẹ̀ wà, wọ́n sì gbé e wá sí àdúgbò tiwọn. Ẹni tó bá ní owó tí kò ní irú ojú yẹn, kó má wulẹ̀ fọwọ́ kan eré àtijọ́.

ẸNI TÓ NI ÌRÁNTÍ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dun ènìyàn rèé. Ta ló sọ Jenifa àti Ọmọ Ghetto di olókìkí? Àwọn ìyá tó ra pẹlẹbẹ lọ́jà ni. Àwọn mẹkáníìkì tó dá owó epo jẹnẹrétọ̀ ni, tí gbogbo àdúgbò fi wò ó lójú ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Àwọn ló ni ìrántí náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré bá ti di eré olówó ńlá, ilé sinimá alátẹ́gùn tútù ló kọ́kọ́ ń wọ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ló máa ń lọ sórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń sanwó sí lóṣooṣù. Ìyá ẹlẹ́ja ní Ẹ̀pẹ́ tó fẹ́ kó ọmọ mẹ́ta lọ wò ó á kọ́kọ́ ṣírò owó ọkọ̀ lọ àti bọ̀, á ṣírò tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, á ṣírò gúgúrú tí ọmọ á máa sunkún sí. Lẹ́yìn náà á wo ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀, á sì jókòó sílé.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti kéde pé Ejìnrìn, ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ yìí, ni àwọn fẹ́ kọ́ ìlú sinimá sí. Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni fún káfíńtà tó lè kan ilé eré, fún télọ̀ tó lè rán aṣọ ọba, fún olóúnjẹ tó lè bọ́ àwọn òṣèré. Ṣùgbọ́n Ejìnrìn ti mọ owó ńlá rí. Ọjà rẹ̀ létí ọ̀sà lókìkí láyé àtijọ́, ọkọ̀ ojú omi ń kó èrò Èkó wá pàdé àwọn Ìjẹ̀bú níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà ilẹ̀ gba òwò lọ, ọjà náà rẹ̀yìn. Ibi tí èrò ò bá lè dé mọ́, bó ti wù kó lókìkí tó, á di ìtàn.

Kí àwọn tó ń ná owó lé eré àtijọ́ ro èyí wò. Ògúndé ò dúró kí èrò wá bá òun ní ìlú ńlá nìkan. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé eré kiri láti ìlú dé ìlú, láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn. Bí eré bá ti parí tirẹ̀ nílé sinimá, kí ló ní kí wọ́n má gbé e dé gbọ̀ngàn ìlú ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú ní owó tí apá ọlọ́jà á ká? Èrò púpọ̀, owó kékeré: ọjà ló kọ́ wa ní ìṣirò yẹn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, eré àtijọ́ wo lẹ fẹ́ kí wọ́n tún ṣe? Èwo sì ni ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn? Ojú ewé lẹ́tà wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ wá, kí àwọn olówó náà lè kà á. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ọjà á tà.