Òfin Ti Wà, Ètò Ni Kò Sí: Ta Ló Ń Gbèrò fún Ọmọ Akàndá?

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, gbèdéke kan kọjá lọ ní Nàìjíríà, ariwo rẹ̀ ò sì pọ̀. Òfin tó ka ìdẹ́yẹsí àwọn akàndá ẹ̀dá léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún gbogbo ilé tí aráàlú ń lò ní ọdún 5 gbáko kí wọ́n fi tún un ṣe, kí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọlé láìsí pé wọ́n gbé e. Ọdún 5 ti pé. Ẹ lọ wo sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ lọ wo ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ládùúgbò yín, kí ẹ wá bi ara yín bóyá nǹkan kan yí padà.

Ọ̀rọ̀ ilé kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí ṣá. Àtẹ̀gùn tí kò ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́, gbogbo ojú ló ń rí i, èèyàn sì lè ya fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook. Èyí tó ń dùn mí jù ni èyí tí kámẹ́rà ò lè yà: ọmọ tó jókòó sí kíláàsì tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún un, àti òbí tó ń dá gbogbo ìpinnu ṣe láìsí ẹni tí yóò bi léèrè.

Ẹ jẹ́ ká ka òfin náà dáadáa. Abala 17 ní akàndá ẹ̀dá lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsí ìdẹ́yẹsí, ọ̀fẹ́ sì ni títí dé ilé ìwé girama. Abala 18 ní gbogbo ilé ìwé ìjọba, látorí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì, gbọ́dọ̀ gba akàndá ẹ̀dá wọlé, kí òṣìṣẹ́ kan, ó kéré tán, tó kọ́ṣẹ́ nípa kíkọ́ wọn wà níbẹ̀, kí àwọn ohun èlò wọn náà sì wà. Kódà, ó ní kí Braille àti èdè àwọn adití wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ nílé ìwé. Èkó ti ṣe òfin tirẹ̀ ṣáájú, lọ́dún 2011. LASODA, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akàndá ẹ̀dá ní ìpínlẹ̀ náà, abẹ́ òfin yẹn ló ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ ti orí ìwé ni, a ò kẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí òfin àpapọ̀ yìí ò sọ. Ó sọ ohun tí ilé ìwé gbọ́dọ̀ ní. Kò sọ ohun tí Àyìnlá tàbí Àbẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ rí gbà. Kò sí ibi tó ti ní kí ẹnì kan jókòó, kí ó wo ọmọ kan pàtó, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé: ohun tí ọmọ yìí lè ṣe rèé, ohun tó ń ṣòro fún un rèé, ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́ rèé, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀, oṣù wo la ó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí mò ń pè ní ètò nìyẹn. Níbi tí kò bá sí, ẹ̀tọ́ ọmọ ò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, torí pé ẹni tí ẹ fẹ́ mú ní ẹ̀wù ò sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń tọ́mọ ní London ti lè gbọ́ orúkọ kan, EHCP. Òfin ọdún 2014 ló gbé e kalẹ̀ ní England. Òbí fúnra rẹ̀ lè kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n wá yẹ ọmọ òun wò. Tí wọ́n bá rí i pé ọmọ náà nílò rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 20 ni òfin fún wọn, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba ìwé òbí náà, kí ètò fi jáde. Ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ nípa ẹ̀kọ́ ọmọ náà, dandan ni kí ìjọba ìbílẹ̀ pèsè rẹ̀. Ó lè bá ọmọ náà lọ títí yóò fi pé ọmọ ọdún 25. Tí ohun tí wọ́n kọ ò bá tẹ́ òbí lọ́rùn, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ kan wà tó lè gbé ẹjọ́ lọ bá. Amẹ́ríkà náà ní irú rẹ̀ láti ìgbà òfin ọdún 1975. IEP ni wọ́n ń pè é, ó sì di dandan kí wọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀run ni mò ń ṣàpèjúwe o. Ní 2023, nǹkan bí ìdajì péré lára àwọn ètò tuntun ní England ló jáde láàárín ọ̀sẹ̀ 20 yẹn. Ọ̀rọ̀ yìí ti kó ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ sí gbèsè, àwọn òbí sì ń sunkún. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan: torí pé gbèdéke wà ni wọ́n fi mọ̀ pé ìdajì pẹ́. Òbí tó ń jà lọ́hùn-ún ní ìwé lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnu lásán ni òbí fi ń jà.

Kì í sì í ṣe pé a ò ní ìmọ̀. Lọ́dún 1960 ni Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé ìwé àwọn adití sílẹ̀ n'Íbàdàn. Ní Sùúrùlérè, Wesley School tó wà fún àwọn adití àti Pacelli tó wà fún àwọn afọ́jú ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ. Lọ́dún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ àwọn tíṣà akàndá sílẹ̀ nílùú Ọ̀yọ́. Ọdún yẹn kan náà ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa kọ́kọ́ jáde, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ akàndá sì wà nínú rẹ̀. Ilé ìwé wà, tíṣà ń jáde. Ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà dé ọ̀dọ̀ wọn ni a ò là.

Ọmọ tó bá jẹ́ adití tàbí afọ́jú, ó kéré tán, a mọ ibi tí a lè júwe fún òbí rẹ̀. Ọmọ tó ní autism ńkọ́? Èyí tó ń gbọ́rọ̀, tó ń ríran, àmọ́ tí ìwé ò tètè yé ńkọ́? Ìyá kan tí mo bá sọ̀rọ̀ lágbègbè Ìpájà ní kí ọmọ òun tó ní autism tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ti lo ilé ìwé mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ ní ó ń da kíláàsì rú. Èkejì gbà á, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ kíláàsì ni wọ́n ń fi í sí pẹ̀lú ìwé àwòrán kan náà lójoojúmọ́. Ẹ̀kẹta mọ iṣẹ́, àmọ́ aládàáni ni, owó rẹ̀ sì ju owó oṣù ìyá náà lọ. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ń fúnra rẹ̀ kọ́ ọmọ nílé báyìí. Mo bi í pé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ló kọ nǹkan sílẹ̀ nípa ọmọ náà fún un? Ó ní kò sí. Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Láàárín gbogbo èyí, àwọn ẹbí ti ní kí ó gbé ọmọ lọ sórí òkè, ó sì gbé e lọ. Ẹ má bú u. Níbi tí ìjọba ò bá ti ní ètò, wòlíì ní tirẹ̀. Wòlíì á sọ iye ọjọ́ tí ààwẹ̀ jẹ́, á sọ ibi tí kí o wá, á sọ ohun tí kí o mú dání, á sì dá ọjọ́ tí ẹ ó tún rí ara yín. Ó mọ orúkọ ọmọ náà. Iléeṣẹ́ ìjọba wo ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún un?

Ẹni tó bá ní kò lè ṣeé ṣe ní Nàìjíríà, kí ó wo JAMB. Bẹ́ẹ̀ ni, JAMB tí gbogbo wa ń bú yìí. Lọ́dún 2017, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní JEOG, wọ́n fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ṣe alága rẹ̀, kí wọ́n lè máa ṣètò ìdánwò fún àwọn tí ojú wọn ò ríran. Wọ́n ní ibùdó tiwọn, wọ́n ní ọjọ́ tiwọn, Braille sì wà níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ò ju pé wọ́n gbé iṣẹ́ lé àwọn èèyàn kan pàtó lọ́wọ́, wọ́n sì dá ọjọ́ fún un. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹnu ọ̀nà yunifásítì ni ètò yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Mélòó nínú wọn ló máa ń dé ẹnu ọ̀nà yẹn, nígbà tí kò sí ètò kankan fún wọn láti ọmọ ọdún mẹ́ta?

Ohun tí mò ń béèrè ò lówó lórí tó bí àwọn olóṣèlú ṣe máa sọ. Ìwé ojú kan péré fún ọmọ akàndá kọ̀ọ̀kan tó bá wọ ilé ìwé ìjọba. Kí ọ̀gá ilé ìwé buwọ́ lù ú, kí òbí buwọ́ lù ú, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò ní tááàmù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí SUBEB. Tí SUBEB bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, wọn ò ní máa méfò mọ́. Wọ́n á mọ iye tíṣà èdè adití tí ìjọba ìbílẹ̀ kan nílò, wọ́n á mọ ibi tí kẹ̀kẹ́ arọ gbọ́dọ̀ lọ. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 2004 ti ya ìdá 2 nínú 100 owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ìpínlẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ mú tirẹ̀ wá. Ọ̀nà tí owó ń gbà wà. Iye ọmọ tí wọn yóò ná an lé lórí ni wọn ò kà.

Kí ìjọba tó jí, kí ni kí òbí ṣe? Ẹ kọ́kọ́ yẹ etí àti ojú ọmọ wò, torí pé ọmọ tí kò gbọ́ràn lè jọ ọmọ tó ya olórí kunkun. Lẹ́yìn náà, ẹ wá dókítà tó mọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọ. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Yábàá ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé l'Óṣòdì, Arò wà l'Ábẹ́òkúta, UCH wà n'Íbàdàn. Ẹ ra fáìlì kan, kí gbogbo èsì àyẹ̀wò àti ìwé ilé ìwé wà nínú rẹ̀, kí ọmọ má baà tún máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ilé ìwé ìjọba bá kọ ọmọ yín, ẹ kọ̀wé, ẹ tọ́ka sí Abala 18, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ìwé dáhùn. Ẹni tó bá lè fẹnu lé ọmọ dànù, ó máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó kọ ọ́ sórí bébà. Ẹ̀dà lẹ́tà yẹn lè dé LASODA l'Ékòó, ó sì lè dé àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí akàndá ẹ̀dá l'Ábújá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ò tíì bímọ, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí fò yín. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ àǹtí àti ọ̀kọ ìyá náà, ẹ̀yin lẹ sì wà lórí WhatsApp ẹbí. Ìbéèrè tó ń gba oorun lójú irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni pé: tí mo bá kú, ta ni yóò gbà á? Ẹ̀yin ló ń bi, bí kò tilẹ̀ dárúkọ yín. Ẹ pe ìpàdé ẹbí nígbà tí ara gbogbo yín ṣì le, kí ẹ fẹnu kò sí ẹni tí ọmọ yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ àti ibi tí owó yóò ti máa wá, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìdìbò 2027 ń bọ̀. Tí olùdíje bá dé àdúgbò yín, ẹ bi í pé: ọmọ akàndá mélòó ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí, ilé ìwé wo ni wọ́n wà, ta ni tíṣà wọn? Tí ó bá ní òun yóò pín kẹ̀kẹ́ arọ, ẹ gba kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì tún ìbéèrè yẹn bi í.