Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Àkọsílẹ̀ Inú Kọ̀ǹpútà Máa Dá Ènìyàn Lẹ́jọ́?

Bí ìwọ tí ń ka ìwé yìí bá pe ẹnì kan lórí fóònù lánàá, tí o gba owó ní báńkì, tàbí tí o wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mọ̀ dájú pé o ti fi ipa ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ibì kan wà tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀: àkókò tí o ṣe é, ibi tí o wà, iye tí o ná. Tìrẹ nìkan kò já mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí a bá kó o pọ̀ mọ́ ti ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn, tí a sì ní kí kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, ó di ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń fi owó gidi wá kiri. Dátà ni wọ́n ń pe irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Ìyá aláṣọ ní ọjà Gbági kò nílò kọ̀ǹpútà kí ó tó mọ ohun tí yóò kó wá bí Iléyá bá ku oṣù kan. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni dátà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé agbárí ìyá aláṣọ lè gba ọgọ́rùn-ún oníbàárà, ti kọ̀ǹpútà gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù.

N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé kò wúlò. Bí ẹnì kan bá fi káàdì báńkì rẹ ra ọjà ní ìlú òkèèrè nígbà tí o wà ní Ìbàdàn, dátà ni ó ń jẹ́ kí báńkì fura. Ilé iṣẹ́ akẹ́rù UPS ní Amẹ́ríkà ń fi í ṣètò ọ̀nà tí awakọ̀ yóò gbà kí epo má baà ṣòfò. Ní Òkè Ọya ilẹ̀ wa, àwọn tí ń fún ọmọdé ní àjẹsára àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti ń lo àwòrán ilẹ̀ tí a fi ọwọ́ yà tẹ́lẹ̀, àwọn abúlé kan kò sì sí nínú rẹ̀. Àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè ni a fi rí àwọn abúlé tí a ti ń fò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ẹ̀yà àbáláyé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. (Àwòrán nìkan kọ́ ni ó ṣe é o, àwọn obìnrin tí ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ilé ni kí a kọ́kọ́ kí.)

Ibi tí ọ̀ràn ti wọ́ ni ìgbà tí a bá rò pé nítorí pé àkọsílẹ̀ pọ̀, òtítọ́ ni. Ní 2008, Google bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn ènìyàn ń wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi mọ bí àìsàn tí a ń pè ní flu ti ń jà tó. Nígbà òtútù ọdún 2012 sí 2013, iye tí ẹ̀rọ náà sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà rí. Ẹni tí ó gbọ́ ìròyìn àìsàn a máa wádìí rẹ̀ bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le koko. Ẹ̀rọ kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ẹ̀rù ń bà àti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ní 2015 wọ́n pa á tì.

Èyíinì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó kan àwa olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 2020, àrùn Kòrónà kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìdánwò A-level. Àwọn olùkọ́ kọ èsì tí wọ́n rò pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ìbá gbà. Ofqual, àjọ tí ń bójú tó ìdánwò níbẹ̀, bẹ̀rù pé olùkọ́ lè lawọ́ jù (ẹ̀rù náà kò ṣàì nídìí, mo mọ ara wa), wọ́n bá ní kí kọ̀ǹpútà fi èsì tí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ti ní ní àwọn ọdún tí ó kọjá tún un ṣe. Nígbà tí èsì jáde ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ, nǹkan bí 40 nínú 100 ni ó wálẹ̀ sí ohun tí olùkọ́ kọ.

Wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí kò bá sí ẹni tí ó gba A nínú iṣẹ́ kan ní ilé ìwé rẹ láti bí ọdún mélòó kan, bí orí rẹ ti wù kí ó pé tó, ó ṣòro gan-an kí A tó kàn ọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí ó jókòó sórí àga náà ṣáájú rẹ ni o ń jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ inú kíláàsì kò bá ju márùn-ún lọ, ọ̀rọ̀ olùkọ́ ni wọ́n tẹ̀lé, ilé ìwé àwọn olówó ni irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ sí. Àwọn ọmọ gbé pátákó, wọ́n jáde sí ìgboro Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 17 oṣù kan náà, ìjọba dá èsì olùkọ́ padà.

Má rò pé kọ̀ǹpútà nìkan ni mo ń bá wí. Èmi náà ti ṣe bíi kọ̀ǹpútà rí. Ní ilé ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n ní kí á kọ orúkọ àwọn tí kò ní jókòó fún ìdánwò àṣekágbá, kí wọ́n má baà ba èsì ilé ìwé jẹ́. Mo ṣí ìwé máàkì ọdún mẹ́ta, mo rí ọmọkùnrin kan tí kò kúrò ní ìsàlẹ̀ rí, mo sì kọ orúkọ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ìyá rẹ̀ wá bá mi nílé. Ó kúnlẹ̀. “Ẹ dákun, tíṣà. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ni ó ti ń ru pákó ní Bódìjà kí ó tó wá sí kíláàsì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ríṣẹ́ báyìí, kò ní lọ mọ́.” Kò sí ibi kankan nínú ìwé máàkì mi tí a kọ pákó sí. Mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Kò gba A kankan o, ṣùgbọ́n ó yege nínú iṣẹ́ márùn-ún, ó sì wọ ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Ta ni ìyá náà ìbá kúnlẹ̀ fún bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó kọ orúkọ náà?

Àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi yóò sọ pé ènìyàn a máa ṣe ojúsàájú, a sì máa gba rìbá, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní ìyekan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú àkọsílẹ̀ àwa ènìyàn náà ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́. Ní 2019, àwọn olùwádìí fi hàn pé ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń yan aláìsàn fún ìtọ́jú àkànṣe ní Amẹ́ríkà ń fi iye owó tí a ti ná lórí ènìyàn wọn bí àìsàn rẹ̀ ti le tó. Owó tí wọ́n ń ná lórí aláwọ̀ dúdú sì kéré sí ti aláwọ̀ funfun tí àìsàn wọn dọ́gba. Nítorí náà ẹ̀rọ gbà pé ara àwọn dúdú le ju bí ó ti rí lọ. Kò wo àwọ̀ ẹnikẹ́ni. Owó ni ó wò. Àgbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Nílé níbí, ọ̀nà mìíràn ni ewu náà gbà wá. Láti ọdún 2006 tí a ti ka mílíọ̀nù 140 ni a kò ti ka ara wa mọ́. Ìyá elékuru tí ó ti ń dá èsúsú fún ogún ọdún láì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè kò sí nínú àkọsílẹ̀ báńkì kankan. Bí kọ̀ǹpútà ni yóò bá yan ẹni tí ó tọ́ sí owó yíyá, kò ní pè é ní oníjìbìtì. Kò tilẹ̀ ní rí i ni.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò dátà. Ó wà nínú rẹ̀ pé ènìyàn ní ẹ̀tọ́ kí ẹ̀rọ nìkan má ṣe ìpinnu tí ó kàn án gidigidi, àyàfi níbi tí òfin bá yọ sílẹ̀. Nítorí náà, lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ tí à ń kọ́ ọ kì í ṣe ti ìdánwò nìkan. Bí wọ́n bá sọ fún ọ ní báńkì tàbí ní ilé ẹ̀kọ́ pé kọ̀ǹpútà ni kò gbà, mú bébà. Kọ àdírẹ́sì rẹ àti ti wọn bí ó ti yẹ, béèrè ohun tí kọ̀ǹpútà náà wò àti orúkọ ẹni tí yóò tún un wò, fọwọ́ sí i, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà kan.