Ìyára Títò Kọ́ Ni Mímọ Ayò Ta



Àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá géèmù lórí kọ̀ǹpútà ilé, ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, gbà pé bí a bá so háàdì dísìkì méjì pọ̀ ní RAID 0, géèmù yóò dára ní ìlọ́po méjì. Wọ́n a ní ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Wọ́n ṣi òwe náà lò.

RAID 0 a máa gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, a sì pín in sórí dísìkì méjèèjì, kí a lè ka apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Lóòótọ́, fáìlì ńlá yóò tètè wọlé. Ṣùgbọ́n bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti káàdì àwòrán ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ọmọ ayò 48 là ń tò sínú ihò 12. Òpè tó tètè tò wọ́n kò tíì di ọ̀ta.

Ní ọdún 1988, Patterson, Gibson àti Katz gbé orúkọ RAID jáde ní Yunifásítì California ní Berkeley. Lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ dúró fún àfipamọ́ tó ń gba iṣẹ́ ẹni là bí dísìkì kan bá kú. RAID 0 kò ní èyí rárá: bí ọ̀kan bá bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ parẹ́. Orúkọ kò ro ọmọ yìí. Níbi tí iná ọba ti ń lọ láìdágbére, ta ni yóò fi owó ara rẹ̀ sọ ewu di méjì?

Ẹ ra SSD kan ṣoṣo. Kò ní awo tó ń yí, ó sì ń tètè rí fáìlì ju háàdì dísìkì méjì lọ. Ẹ fi owó tó kù kún ti káàdì àwòrán.