Ìkógun Kì Í Ṣe Ọjà Gbàǹjo

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn, ọ̀wọ́n là ń ra ògo." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ni kí á wí nígbà tí ẹni tí ó ni ọjà bá mọ̀ọ́mọ̀ sọ ògo di ọ̀wọ́n fún tonílé-tàlejò, kí owó ọjà má baà wó lulẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní eré orí kọ̀ǹpútà kò yẹ ìwé Ẹ̀ka Èdè Yorùbá. Èsì mi ni pé eré ni ayò ọlọ́pọ́n náà, síbẹ̀ ẹni tí ó bá jí ọmọ ayò níbẹ̀, olè ni a ń pè é. Ibi tí òfin bá wà, tí làálàá sì wà, ìdájọ́ òdodo ní ọ̀rọ̀ í sọ níbẹ̀.

Eré tí mò ń wí ni èyí tí eléré ti ń di jagunjagun, tí ó ń bá àǹjọ̀nú àti ẹbọra jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn mìíràn. Bí ẹbọra bá kú, ìkógun a bọ́ sílẹ̀: idà, àṣíborí, òrùka, ẹ̀wù irin. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò wúlò; ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó lè sọ ojo di akọni. Àwọn tí ó ṣẹ̀dá eré ni ó ń pinnu bí ohun iyebíye yóò ti máa bọ́ sí. Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn wà, nítorí pé bí wọ́n bá fàyè gba kárà-kátà láàrin àwọn eléré, ìṣirò náà yí padà pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ ṣe é. Kí á ní idà kan ń bọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ẹbọra 10,000 tí a bá pa, kí eléré kan sì máa pa 1,000 lójúmọ́. Ní ìpíndọ́gba, ọjọ́ 10 ni yóò fi rí i. Èyí kò burú. Ṣùgbọ́n bí eléré 100,000 bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, idà 10,000 ni yóò máa bọ́ lójúmọ́ kan. Idà orí kọ̀ǹpútà kì í dípẹtà, kì í kán. Èyí tí ó wọ ọjà lánàá wà níbẹ̀ lónìí. Kò ní pẹ́ tí yóò fi di ohun à-ń-fi-ẹsẹ̀-gbá. Bí àwọn tí ó ni eré bá rí èyí, wọ́n a dín in kù sí ẹyọ kan nínú 100,000. Idà 1,000 ni yóò wá máa bọ́ lójúmọ́, iye rẹ̀ yóò sì gbé pẹ́ẹ́lí. Ta wá ni ó jìyà? Ẹni tí ó ní òun kò rà, òun kò sì tà, tí ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá a ni. Ọjọ́ 10 tirẹ̀ ti di 100. Kò lọ sí ọjà, ọjà ni ó tọ̀ ọ́ wá sínú igbó.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àròsọ ni èyí, kí ó wo Diablo III. Ilé-iṣẹ́ Blizzard ti Amẹ́ríkà gbé e jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, pẹ̀lú ilé gbàǹjo nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà ni wọ́n ṣí èkejì, níbi tí a ti ń fi owó gidi rajà. Ilé-iṣẹ́ náà ń gba dọ́là 1 lórí ohun ìjà kọ̀ọ̀kan tí a bá tà, ẹyọ kan sì lè tó dọ́là 250. Èrò wọn kò burú ní ìbẹ̀rẹ̀: nígbà Diablo II, tí ó jáde ní 2000, kọ̀rọ̀ ni àwọn eléré ti ń fi owó rajà, àwọn gbájú-ẹ̀ sì ń lù wọ́n ní jìbìtì. Blizzard ní kí á gbé ọjà wá sí gbangba. Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Eléré a jà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ohun tí yóò bọ́ fún un kò ní tó èyí tí ó wà lórí àtẹ. Òun náà a fi ojú ogun sílẹ̀, a gba ọjà lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2013, Jay Wilson, tí ó ti jẹ́ olùdarí eré náà, fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ilé gbàǹjo ṣe eré náà ní ìjàǹbá. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2014 ni wọ́n tì í pa. Ṣáájú èyí, ní oṣù Kejì, wọ́n ti tún ìkógun ṣe: ó dín kù ní iye, ó sunwọ̀n sí i, ó sì túbọ̀ bá irú jagunjagun tí ó ni í mu.

Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń pariwo pé kí á fi òfin de kárà-kátà pátápátá. Èmi kò bá wọn lọ. Diablo III fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀: lẹ́yìn àtúnṣe náà, ohun iyebíye kò ṣeé fún ẹlòmíràn mọ́ àfi àwọn tí ẹ jọ wà lójú ogun nígbà tí ó bọ́, láàrin wákàtí 2 péré. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá dé lọ́la, o kò lè fi idà tí o kò lò ta á lọ́rẹ. Kí ni a wá kó ènìyàn jọ fún, bí ọwọ́ kan kò bá gbọdọ̀ nà sí èkejì?

Ọ̀nà mìíràn ni Grinding Gear Games ti New Zealand gbà pẹ̀lú Path of Exile, tí ó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013. Wọn kò fi wúrà ṣe owó. Àwọn ohun àrà tí a fi ń tún ohun ìjà ṣe ni àwọn eléré ń ná, nítorí náà bí a ti ń lò wọ́n ni wọ́n ń tán nílẹ̀. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní 2017 ilé-iṣẹ́ náà kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí kárà-kátà nira ni, nítorí pé bí ó bá rọrùn, dandan ni kí àwọn dín ìkógun kù. Ẹnu wọn ni mo fi gbọ́! Ní ọdún náà kan náà, wọ́n ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn tí ó fẹ́ dá jà láìrà láìtà, ṣùgbọ́n wọn kò fi ẹyọ ìkógun kan kún tiwọn. Oyè ni wọ́n fi wọ́n jẹ, wọn kò fún wọn ní oúnjẹ. Nígbà tí ó di oṣù Keje ọdún 2024, àwọn fúnra wọn ṣí ibi pàṣípààrọ̀ tí ó rọrùn fún àwọn ohun àrà náà. Ògiri tí a fi ìnira mọ ti lanu.

Èyí tí ó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni ti Last Epoch, tí ó jáde ní kíkún ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 2024. Ẹgbẹ́ méjì ni ó wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ oníṣòwò àti ẹgbẹ́ oríire, eléré ni yóò sì yan èyí tí ó wù ú. Oníṣòwò lè rà, ó lè tà, ṣùgbọ́n ojúrere tí ó bá rí nídìí ìjà ni yóò fi gba àyè náà. Ẹni tí kò jagun kò lè náwó. Ẹni tí ó yan oríire kò lè tajà, ṣùgbọ́n ìkógun tirẹ̀ a máa pọ̀ sí i. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra.

Àwọn alátakò yóò ní pípín àwọn eléré báyìí yóò sọ ọjà di kékeré. Kí ó kéré! Ọjà tí kò lè dúró àfi bí a bá fi ebi lé ènìyàn wá síbẹ̀ kì í ṣe ọjà, ẹ̀wọ̀n ni. Wọn yóò tún ní, "Ohun tí mo fi òógùn mi rí, tèmi ni, kí n tà á." Òtítọ́ ni, tìrẹ ni; tà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ rẹ láti tà kò fún ọ ní ẹ̀tọ́ pé kí aládùúgbò rẹ má rí tirẹ̀ kí owó tìrẹ má baà já.

Ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè. Èkíní, kí a kọ́kọ́ ṣírò ìkógun fún ẹni tí ń dá jà, kí ọjà wá tẹ̀lé e. Èkejì, kí ó jẹ́ iṣẹ́ inú eré ni a ó máa fi gba àyè àtitajà, kì í ṣe dọ́là. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń gba owó ibodè lórí ọ̀wọ́n, ta ni yóò gbà pé kò fẹ́ kí ọ̀wọ́n pẹ́? Ẹ̀kẹta, kí wọ́n kéde ìwọ̀n bí ìkógun ti ń bọ́. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2017 ni orílẹ̀-èdè Ṣáínà ti pàṣẹ pé kí a kéde irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ fún àpótí oríire tí a ń fi owó rà nínú eré. Gúúsù Kòríà fi òfin tirẹ̀ tẹ̀lé e ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Bí a bá ń béèrè òótọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń gba owó wa, èé ṣe tí a kò ní béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń gba àkókò wa?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń fi òru ṣeré yìí, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ bí a ti ń ṣẹ̀dá rẹ̀, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Bí a bá gbé àtẹ fún yín láti ṣètò lọ́la, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ẹni tí kò ní kọ́bọ̀, tí kò sì ní alábàárà, ṣé yóò rí èrè ogun rẹ̀ gbé relé? Bí kò bá ní rí i, ẹ tún ìṣirò yín ṣe.