Kóòtù Wo Ni Ó Lè Tú Ìgbéyàwó?

Ẹ̀yin ará wa ní Ìyànà Ọ̀fà àti ní gbogbo abúlé Lágelú, bí a bá ti so okùn ni a ti ń tú u. Ìgbéyàwó tí a fi ìdána ṣe láàárín ẹbí, kóòtù ìbílẹ̀ ni ó ń tú u. Ṣùgbọ́n èyí tí a ṣe lábẹ́ òfin ìjọba, ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ní àṣẹ tàbí ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga ni òfin ọdún 1970 fún ní agbára lórí rẹ̀. Bí kò bá tíì pé ọdún 2, a ó kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ adájọ́. Olùpẹ̀jọ́ yóò fi hàn pé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ìdájọ́ àkọ́kọ́ kì í sì í ṣe òpin. Oṣù 3 ni a sábà ń dúró kí ó tó fìdí múlẹ̀.

Nítorí náà, obìnrin olórùka tí ó gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀ ṣì jẹ́ aya ọkọ rẹ̀ lójú òfin. Bí ó bá tún lọ ṣe ìgbéyàwó mìíràn, ẹ̀wọ̀n lè kàn án. Ta ni ó jẹ̀bi? Àwọn tí ó kọ òfin ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún àgbẹ̀ tí ń ka Yorùbá ni! Àwa ń béèrè pé kí ìjọba lẹ ìlànà yìí, ní èdè Yorùbá, mọ́ ẹnu ọ̀nà gbogbo kóòtù ìbílẹ̀. Títí di ìgbà náà, ẹ yẹ ìwé ìgbéyàwó yín wò kí ẹ tó sanwó ẹjọ́.